Orúkọ tí Bàbá Lé Jáde Nílé

Bí iná mànàmáná bá lọ ní ọ̀sán gangan, tí fáànù dúró, tí gbogbo wa ń ráhùn, Bàbá nìkan ni kì í ráhùn. Wọ́n á gbé ìka kan sókè, wọ́n á ní, "Dúró ná, ó ń bọ̀." Bí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, ohun kan náà ni wọ́n á sọ. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi tó ń mí lásán tí kò sun, ohun kan náà ni. Mo rò nígbà náà pé sùúrù ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí n má parọ́ mọ́ òkú, Bàbá kò ní sùúrù rárá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ni gbólóhùn yẹn, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá sílé.

Bàbá ni mo máa ń pe bàbá mi àgbà, ẹni tó bí ìyá mi. Ẹni tó bí èmi gan-an, Dádì ni mò ń pè é. Bàbá kú ní ọdún 1983, nínú ilé wọn l'Ọ̀wọ̀, nígbà tí ọyẹ́ ń mú. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìgbésí ayé wọn, kó wá ìwé pẹlẹbẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fún ìsìnkú. Ibi tí wọ́n ti kàwé wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, oyè tí wọ́n jẹ nínú ìjọ náà wà níbẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á tán, mi ò rí Bàbá mi níbẹ̀.

Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ọrùn wọn gùn, wọ́n sì máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ariwo ni ọ̀tá wọn. Wọ́n gé táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ gbogbo àga ilé kí ó má baà máa dún lórí sìmẹ́ńtì. Bí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní ilé ìdáná, Bàbá á di ojú wọn bí ẹni tí wọ́n gbá létí, wọn ò sì ní bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi délẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà. Ọdún yẹn náà ni èmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́dọ̀ wọn, nítorí iṣẹ́ ìjọba ń gbé Dádì kiri, ìyá mi sì ń tẹ̀ lé e. Nínú ẹrù tí wọ́n kó dé, ohun tó wọ̀ mí lójú ni aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó nípọn, tí wọ́n ká sínú páálí lọ́tọ̀. Mo bi wọ́n bóyá kọ́tìnì ni. Wọ́n ní rárá, aṣọ tí wọ́n fi ń bo àgò àwọn ehoro wọn ni. "Ehoro tí ẹ̀rù bá ń bà," ni wọ́n wí, "kò wúlò fún mi."

Nítorí ariwo yìí ni Bàbá ṣe bá Alájì jà. Télọ̀ ni Alájì, ó wá láti ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí tó ń ṣòwò láàárín ìlú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì dojú kọ ilé wa gan-an. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti gbó, ó máa ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá kọ́kọ́ rọra bá a sọ̀rọ̀, wọ́n tún ra òróró ẹ̀rọ fún un. Ẹ̀rọ kò gbọ́. Ní ọjọ́ kan Bàbá kọjá sí ọ̀hún, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ṣé kò mọ̀ pé èèyàn ń ronú ní òdìkejì títì ni. Alájì kò gbé ojú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń rán. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́, ẹnu ọmọ mi ò ní dákẹ́." Láti ọjọ́ yẹn wọn ò kí ara wọn mọ́.

Èmi ni Bàbá kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún nínú ilé náà, bóyá torí pé èmi nìkan ló bèèrè. Mò ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Bàbá mú ẹ̀wà kan nínú àtẹ, wọ́n gba òwú dúdú tí Màmá, ìyàwó wọn, fi ń dirun, wọ́n fi so ẹ̀wà náà rọ̀ sábẹ́ ọsàn kan. Ọsàn ni ọpọlọ, wọ́n ní. Ẹ̀wà yìí ni kókó kékeré kan tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, wọ́n sì fi ìka kan àárín ojú mi láti fi ibi tó wà hàn mí. Òwú ni àwọn okùn iṣan tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sínú kókó náà. Bí ọmọ ehoro bá ń fa ọmú, ìròyìn á gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á rán ọ̀rọ̀ gba inú òwú, kókó á sì da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Oje yìí ni yóò bá ẹ̀jẹ̀ dé ibi ọmú, tí yóò fún un, tí omi ọmú á fi sọ̀ kalẹ̀ fún ọmọ.

Ohun tí Bàbá wá ṣe n'Íbàdàn ni pé wọn ò dúró de ọmọ ehoro. Wọ́n á fún ìyá ehoro lóògùn oorun, wọ́n á ki wáyà kan tó tín-ín-rín ju ṣóńṣó ìgbálẹ̀ lọ sí i lórí títí tí yóò fi kan àwọn okùn iṣan yẹn, wọ́n á sì rán iná sí i, iná tí kò tó ti tọ́ọ̀ṣì. Ojú ẹsẹ̀ ni iná ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n omi ọmú kì í yọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé á máa wo ojú ara wọn bóyá ọ̀gá ti ṣì í. Bàbá á gbé ìka sókè. Dúró ná, ó ń bọ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í sáré bí iná. Lẹ́yìn náà, omi ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ojú Bàbá dán bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n sọ ohun kan sí i lọ́jọ́ náà, òun ni mo sì ń rántí jù. Wọ́n ní bí ẹ̀rù bá ba ìyá ehoro, àwọn ọmọ rẹ̀ lè fa ọmú títí kó má rí nǹkan kan jáde. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ki wáyà sí òwú náà, omi á dà. "Ìyẹn ni pé omi wà nínú ọmú," ni Bàbá wí, "ọ̀rọ̀ ni kò dé." Mo bi wọ́n bóyá gbogbo ehoro ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Wọ́n ní ohun tí ehoro kan ṣoṣo bá ṣe kò tíì di ẹ̀rí.

Ìlú gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí lọ́nà tiwọn. Wọ́n ní Bàbá ń fi iná jó orí ẹran láàyè. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè wọ́n ní Bàbá Oníná lẹ́yìn, wọ́n á sì sáré bí Bàbá bá yíjú. 

Ariwo kan ṣoṣo ni Bàbá gbà láàyè nínú ilé. Bí ọ̀pọ̀ tọkọtaya ìgbà wọn, Bàbá àti Màmá kì í pe ara wọn lórúkọ. Orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sọ ìyá mi, nítorí ọmọ méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí i, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá, tí kì í gbé ohùn sókè bá ẹnikẹ́ni, á pariwo láti inú yàrá ìwé wọn: "Ìyá Rẹ̀mí!" Màmá á dáhùn láti ilé ìdáná: "Bàbá Rẹ̀mí, mò ń bọ̀ o!" Nígbà mìíràn kò sí ohun tí Bàbá fẹ́ gbà. Màmá á dé ibẹ̀, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, àwọn kàn ní kí àwọn mọ̀ bóyá ó wà nílé.

Ní ọdún 1979, ìyá mi wá sílé láti wá bímọ. Ọkùnrin ni ọmọ náà, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ni kò dá. Wọ́n ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu lọ́wọ́ ni ó kú.

Bí ọmọ bá ṣáájú òbí rẹ̀ kú, òbí kì í dé ibi sàréè lọ́dọ̀ wa. Dádì àti àwọn àgbà ẹbí ló lọ sin ín. Bàbá àti Màmá jókòó sílé láàárín àwọn obìnrin tó kún pálọ̀. Màmá ń yí nílẹ̀, wọ́n ń dì wọ́n mú. Bàbá dúró lójú fèrèsé, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, wọn ò sunkún. Nígbà tí wọ́n wá yíjú, gbogbo èèyàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Bàbá ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kò dárí ọ̀rọ̀ yẹn jì wọ́n títí wọ́n fi kú.

Ọmọ náà kò jẹun. Mílíìkì inú agolo ni a kọ́kọ́ ń fún un. Bàbá fúnra wọn ló ń se omi, wọ́n ń bọ ṣíbí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgò ọmú sún mọ́ ọn. Síbẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru mú un. A sọ ọ́ lórúkọ láìsí orin, Kọ́ládé, Dádì sì padà sẹ́nu iṣẹ́ l'Ákùúrẹ́ torí pé kò lè wo ojú rẹ̀.

Màmá ló gbé ọmọ náà sí ọmú ara wọn. Ní Upenmen tí wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti rí ìyá àgbà kan tó tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò níyàá lọ́mú títí ó fi rìn. Àwọn obìnrin tó jókòó tì wọ́n wo ara wọn, nítorí irun Màmá ti funfun tán. Mo rò pé Bàbá á bínú. Bàbá gbé àpótí, wọ́n jókòó síwájú Màmá, wọ́n ń wo bí ọmọ náà ṣe ń fà á. "Jẹ́ kó máa fà á," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó kàn ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gba ibẹ̀ ni."

Ó wá di iṣẹ́ ilé wa. Màmá ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹja tí ọ̀fun wọn kò fẹ́. Ọmọ ń fa ọmú, orí ọmú ń bó, Màmá ń fi òrí pa á, ọmọ tún ń fà á. Nígbà tó yá, Màmá fún ọmú náà, ohun funfun kan yọ ní orí rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó ti tó ẹ̀kán. Bàbá fọwọ́ bo ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fà á, kò rí nǹkan kan, á jù ú sílẹ̀, á máa sọkún gbígbẹ. Bàbá á tẹ etí wọn sí ọ̀fun ọmọ náà láti gbọ́ bóyá ó gbé nǹkan mì. Wọ́n á mi orí. Omi wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kò dé. Ọ̀sán ọjọ́ kan wọ́n dìde kúrò lórí àpótí, wọ́n ń bá ara wọn sọ ọ́, wọn ò mọ̀ pé ó jáde sókè: "Ká ní ehoro ni, mo mọ ohun tí n ó ṣe." Màmá gbọ́ ọ. Wọ́n fa gèlè wọn bo orí, wọ́n sì so ó le.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wá kí ọlọ́fọ̀ kì í dákẹ́ wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń ké, tó máa ń pe orúkọ òkú, ọlọ́fọ̀ á sì dáhùn láti inú ilé. Báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń wá lójoojúmọ́. "Rẹ̀mí o!" á dún ní ẹnu ọ̀nà, ara Màmá á gbọ̀n, ọmọ á jábọ́ lẹ́nu ọmú. Bàbá rí i, wọ́n sì ní àwọn ti mọ ohun tó dí ọ̀nà.

Wọ́n mú aṣọ ehoro yẹn, aláwọ̀ ewé, wọ́n kàn án mọ́ fèrèsé pálọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àga sí ìta, wọ́n jókòó síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń dá gbogbo ẹni tó bá wá kí wa padà. Àwọn ará ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà, lẹ́yìn náà ẹbí. Nígbà tó kan Ìyá Afo, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Àbúrò Màmá ni Ìyá Afo, Afo ni wọ́n fẹ́ wọn sí, àwọn ló sì pọn ìyá mi dàgbà. Wọ́n ru iṣu wá láti oko, ẹsẹ̀ wọn kún fún eruku.

"Ọma mi ló kú," ni Ìyá Afo wí. "Inú ulé yìí ni mo ti pọ̀n ọ́n. Níbo lẹ ní kí n lọ ké e sí?"

Bàbá kò dìde lórí àga. "Lọ ké e ní Afo," ni wọ́n dáhùn.

Ìyá Afo sọ iṣu sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lọ. Bàbá wọlé wá bá wa. Wọ́n sọ fún èmi àti Màmá pé orúkọ tí àwọn èèyàn ń ké yẹn, àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé yìí mọ́. "Títí ọmọ á fi yó," ni wọ́n wí. Màmá tún gbé ọmọ sí ọmú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá fẹ́ pe Màmá láti yàrá ìwé. Mo gbọ́ tí wọ́n ní "Ìyá...", ohùn náà sì dúró síbẹ̀. Bàbá ti lé orúkọ náà jáde, wọn ò rántí pé òun ni orúkọ ìyàwó wọn, tí ó tún jẹ́ tiwọn. Ó pẹ́ díẹ̀, mo wá gbọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan tábìlì, kò, kò. Màmá gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n lọ wo ohun tí wọ́n fẹ́. Láti ìgbà náà kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń pe Màmá.

Bàbá wá rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n ti ń bá gbogbo ayé jà lé lórí. Alájì pàápàá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. A ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, à ń sọ̀rọ̀ sínú etí ara wa. Pálọ̀ dúdú bí ilé ehoro, Màmá jókòó sí àárín rẹ̀, ojú wọn gbẹ. Ọmọ ń fa ọmú, omi kò sọ̀. Bàbá á dúró lẹ́yìn àga, wọ́n á ní, "Dúró ná, ó ń bọ̀," ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yí padà. Ọrùn ọmọ náà ti tín-ín-rín, awọ itan rẹ̀ ti rọ̀.

Ẹnì kan wá sọ fún Bàbá pé ewúrẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Imoru, pé olówó rẹ̀ lè tà á. Bàbá wọ mọ́tò lọ ní òwúrọ̀. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn iwájú, mo sì tì í. Ilé ìdáná ni Ìyá Afo gbà wọlé. Wọn ò tíì padà sí oko láti ọjọ́ yẹn, ilé ẹbí kan ládùúgbò ni wọ́n wà tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà wa.

Wọn ò ké. Wọ́n jókòó ti Màmá lórí ẹní, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn náà Ìyá Afo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Rẹ̀mí."

"Rẹ̀mí ọma mi," ni Màmá wí.

Ẹkún tó tẹ̀ lé e, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń kérora, ó sì ń gòkè. Ọmọ wà lẹ́nu ọmú nígbà náà, mo na ọwọ́ láti gbà á kí ó má baà jábọ́. Kò jábọ́. Ojú rẹ̀ là rekete. Mo gbọ́ ohun tí Bàbá ti ń tẹ etí sí ọ̀fun rẹ̀ láti gbọ́: ó ń gbé e mì, gbì, gbì, gbì. Ọmú kejì ń dà fúnra rẹ̀, bùbá Màmá tutù dé ìdí aṣọ. Àwọn méjèèjì ń sunkún lọ, wọn ò mọ̀.

Báyìí ni Bàbá ṣe bá wa nígbà tí wọ́n fa ewúrẹ́ dé. Wọ́n gbọ́ ẹkún láti òde, wọ́n sì gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n rí bùbá Màmá. Wọ́n rí ọ̀fun ọmọ. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n yí padà jáde, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, okùn ewúrẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo tẹ̀ lé wọn. "Èmi ni mo dí i," ni wọ́n sọ fún mi. Alájì kọjá títì wá, ó gba okùn ewúrẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì lọ so ó mọ́ igi.

Ọmọ náà mu ọmú fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru ti gbé e jìnnà, inú rẹ̀ kò lè mú nǹkan dúró mọ́. Òwúrọ̀ ló kú, lórí ẹsẹ̀ Màmá, omi ọmú wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọmú Màmá kò mọ̀ pé ọmọ ti kú. Ó ń dà lọ, títí Ìyá Afo fi fi aṣọ di àyà wọn.

Bàbá tú aṣọ aláwọ̀ ewé kúrò lójú fèrèsé, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá lójú mi, èyí tí mi ò rí rí. Wọ́n ní kí Màmá sunkún, kí wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn bí wọ́n bá ṣe fẹ́.

"Ẹ ní títí ọmọ á fi yó," ni Màmá dáhùn. "Ọmọ kò yó."

Ó di òfin Màmá. Àwọn àlejò lè pe orúkọ náà níta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é nínú ilé, Màmá á dìde kúrò níbẹ̀. Wọn ò bá Bàbá jà. Wọ́n ń se oúnjẹ wọn lákòókò, wọ́n ń lọ aṣọ wọn. "Ẹ gbọ́" ni wọ́n fi ń pe Bàbá, bí ẹni tó ń pe àjèjì lójú ọ̀nà. Bàbá gbìyànjú. Wọ́n á ní "Ìyá Rẹ̀mí" láti yàrá ìwé, ohùn náà á kọjá gbogbo ilé, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Wọ́n á padà sórí kọ́kọ́rọ́.

Nítorí àánú wọn ṣe mí, mo wá ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu tiwọn. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tí ehoro kan ṣe kò tíì di ẹ̀rí? Ó lè jẹ́ pé àkókò omi náà ló tó." Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ẹkún ló mú un wá tàbí ọjọ́ rẹ̀ ló pé.  Bàbá ní, "Ìyá rẹ àgbà kì í ṣe ehoro, Dúpẹ́."

Ọkùnrin tó kórìíra ariwo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Wọ́n yọ táyà kúrò lẹ́sẹ̀ àga. Wọ́n lọ bẹ Alájì kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà síwájú, ó gbé e, Bàbá sì ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọ̀sán títí di àsálẹ́, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa gbọ́ ọ. Kò sí ilé ọ̀fọ̀ l'Ọ̀wọ̀ tí Bàbá kì í lọ nígbà náà. Wọ́n lọ sí Afo náà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Afo tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí dáadáa. Ìyá Afo bu omi fún wọn, wọ́n mu ún. "Kì í ṣe èmi lẹ máa bẹ̀," ni Ìyá Afo wí.

Ní ọdún 1983, àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún wọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n wá fi ń kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì. Màmá ń dáhùn ní gbogbo ìgbà, wọ́n ń bu ọ̀gì sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń nù wọ́n nù. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu Bàbá kò já geere, ṣùgbọ́n ó yé mi: bí àwọn bá kú, kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn.

A kò tì í. Àwọn èèyàn wá, pálọ̀ kún, àgbàlá kún. Ṣùgbọ́n ìlú kò gbàgbé ohun tí a ṣe sí wọn lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò sí ẹni tó ké láti ìta. Wọ́n rọra wọlé, wọ́n kí wa nínú etí, wọ́n jókòó. Alájì ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró láti fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Kò sí ọmọ tí yóò bu yẹ̀pẹ̀ sí ojú sàréè Bàbá, èmi ni wọ́n ti sọ fún pé n ó ṣe é. Màmá jókòó ti pósí, ojú wọn gbẹ, bí wọ́n ṣe jókòó nínú òkùnkùn pálọ̀ yẹn lọ́jọ́sí. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé wọn ò ní sunkún ọkọ wọn. Mo fẹ́ yíjú bú u. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ nínú mi, tòun ti ìka tó nà sókè. Dúró ná.

Àwọn ọkùnrin gbé ìdérí pósí. Màmá dìde. Wọ́n wo ojú Bàbá, wọ́n wo ọ̀nà yàrá ìwé, wọ́n sì la ẹnu.

"Bàbá Rẹ̀mí."

Ohùn náà kéré, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti lò ó. Wọ́n tún un pè bí wọ́n ti ń pè é láti ilé ìdáná nígbà ayé ìyá mi: "Bàbá Rẹ̀mí o!" Wọ́n dúró bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ara wọn já wálẹ̀ lórí pósí. Ìyá Afo ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, "Rẹ̀mí o!", gbogbo ilé sì gbà á. Mi ò mọ èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń sunkún rẹ̀, Bàbá ni, ìyá mi ni, àbí Kọ́ládé. A ké débi tí àlùfáà fi pa ìwé rẹ̀ dé tó sì jókòó. Kò sí ẹni tó ní ká dákẹ́.